Títì Kò Fẹ̀ Tó Ojú Ọ̀run: Ohun tí Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Ń Ṣe fún Gbogbo Arìnrìn-àjò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n títì kò fẹ̀ tó ojú ọ̀run. Lójú títì, ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn, ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́, ẹni tí ó gun alùpùpù àti ẹni tí ó wa ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n jọ ń pín ibi tóóró kan lò. Bí wọn kò bá mọ bí wọn yóò ṣe pín in, wọn yóò fara kanra. Bí wọ́n bá sì fara kanra, ẹni tí kò sí nínú irin ni yóò fara gbá a.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Pénéssoulou. Títì ọlọ́dà tí ó ti Savalou wá, tí ó gba Bantè, Manigri àti Bassila, ni ó gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá lọ sí Djougou àti Natitingou. Títì yìí kan náà ni ọkọ̀ akẹ́rù tí ó di ẹrù ní èbúté Kútọnu lè gbà dé ẹnubodè Burkina Faso. Òun náà ni àgbẹ̀ ń gbà lọ sí oko iṣu àti oko kajú, tòun ti àdá àti ọkọ́ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òun náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ sí ilé-ìwé, tí ìyá rẹ̀ sì ń gbà lọ sí ọjà. Títì kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò. Eré tí olúkúlùkù ń sá ni kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà kì í sábà sá ju kìlómítà 15 lọ ní wákàtí kan. Ọkọ̀ akẹ́rù lè sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan náà. Ọkọ̀ tí ó bá ń sá eré bẹ́ẹ̀ máa ń gba mítà 22 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ọmọ tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ tó yíjú wẹ̀yìn wo ohun tí ń bọ̀, ohun náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò fi gbá ènìyàn kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ìdí nìyí tí ẹni tí ọkọ̀ gbá nígbà tí ó ń rọra lọ fi lè dìde, tí ẹni tí ọkọ̀ eléré gbá kì í sì í sábà dìde mọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023 pé ìjàm̀bá ojú ọ̀nà ń pa nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn lọ́dọọdún ní gbogbo ayé. Ó ju ìdajì wọn lọ tí kò sí nínú ọkọ̀ rárá: ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n, tàbí oníkẹ̀kẹ́, tàbí alálùpùpù. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ewu náà ti pọ̀ jù bí a bá fi wé iye ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lágbàáyé fi ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan: ṣé kò ní dára kí a ya ọ̀nà ti oníkẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀?

Kí ni a ń pè ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́?

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ jẹ́ apá kan títì, tàbí ọ̀nà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí a yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ nìkan. Kò nílò ààyè púpọ̀. Fún kẹ̀kẹ́ tí ń lọ sí apá kan ṣoṣo, mítà kan àbọ̀ sí mítà méjì tó.

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí a kàn fi ìlà funfun pààlà rẹ̀ lójú títì. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìlà kò lè dá ọkọ̀ dúró. Awakọ̀ tí ó ń kánjú yóò gba orí rẹ̀ kọjá, ẹni tí ó ń wá ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí yóò sì gbé e lé e lórí. Èkejì ni èyí tí a fi òkúta ìpààlà tàbí igi dá sọ́tọ̀ kúrò lára títì. Èyí ni ó ń dáàbò bo ènìyàn ní tòótọ́ nínú ìgboro. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà tí ó kúrò lára títì pátápátá, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé tàbí ẹ̀gbẹ́ oko lọ. Irú èyí ni ó yẹ ibi tí ọkọ̀ ti ń sá eré púpọ̀ láàárín ìlú kan sí òmíràn.

Àwọn òbí tí wọ́n jáde sí títì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé àṣà àwọn ará Hólàńdì ni kẹ̀kẹ́ gígùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Lóde òní, kẹ̀kẹ́ tí ó wà ní orílẹ̀-èdè náà pọ̀ ju ènìyàn ibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìtàn wọn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1950 ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń fẹ títì lójú fún ọkọ̀, oníkẹ̀kẹ́ sì ń dín kù. Ní ọdún 1971 nìkan, ó ju 3,000 ènìyàn lọ tí ó kú sójú ọ̀nà ní orílẹ̀-èdè kékeré yẹn. Ó ju 400 lọ nínú wọn tí ó jẹ́ ọmọdé.

Àwọn òbí kò lè fara dà á mọ́. Wọ́n jáde sí títì, wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí «Ẹ dẹ́kun pípa àwọn ọmọ». Ní ọdún 1973, epo bẹntiróòlù wọ́n gógó káàkiri ayé, ìjọba wọn sì pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má ṣe jáde ní ọjọ́ Àìkú fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ènìyàn tún rí i bí títì ṣe máa ń rí nígbà tí ọmọdé lè ṣeré lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń dín eré ọkọ̀ kù nínú ìgboro. Lónìí, àwọn tí ń kú sójú ọ̀nà ní Hólàńdì kò tó 800 lọ́dún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn àti ọkọ̀ ti pọ̀ sí i gidigidi. Kì í ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ nìkan ni ó ṣe é. Bẹ́líìtì inú ọkọ̀, òfin eré sísá àti ìtọ́jú kíákíá ní ilé ìwòsàn náà wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ ìtàn náà kí ó yọ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kúrò.

Ìlú Seville ní Sípéènì fi hàn pé ohun tí ó gba Hólàńdì ní ọ̀pọ̀ ọdún lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọdún 2006 sí 2010, ìlú náà kọ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí a fi òkúta pààlà, títí ó fi ju kìlómítà 100 lọ, gbogbo rẹ̀ sì so mọ́ra. Kí wọ́n tó ṣe é, àwọn kan ń sọ pé àwọn ará Seville kì í gun kẹ̀kẹ́, pé oòrùn ibẹ̀ mú jù. Nígbà tí ọ̀nà náà parí, àwọn oníkẹ̀kẹ́ di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Oòrùn kò yí padà. Ohun tí ó yí padà ni ẹ̀rù.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì kan wà nínú èyí. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà kẹ̀kẹ́, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n láyà ni ó pọ̀ jù lórí kẹ̀kẹ́. Níbi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí ó láàbò bá wà, àwọn obìnrin, àwọn ọmọdé àti àwọn àgbàlagbà a bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ṣé kò ní dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀?

Ìbéèrè àwọn awakọ̀ nìyí ní ibi gbogbo, ó sì tọ́ kí a dá wọn lóhùn láìfi nǹkan pa mọ́. Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ibi tí a ti rí ààyè náà.

Bí títì bá ní etí tí kò sí ẹni tí ń lò ó, tí a sì sọ etí náà di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, awakọ̀ gan-an ni ó jèrè. Kò ní máa tẹ̀lé oníkẹ̀kẹ́ lẹ́yìn mọ́, kò sì ní máa ya sí ojú ọ̀nà ẹni tí ń bọ̀ nítorí àtikọjá lára rẹ̀. Olúkúlùkù ń sá eré tirẹ̀ ní ojú ọ̀nà tirẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ààyè ọkọ̀ ni a gé fún kẹ̀kẹ́ nínú ìgboro tí ó ti há tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ di méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ lè tò pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù lè máa kùn pé àwọn kò rí ibi tí ọkọ̀ yóò ti já ẹrù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà náà, ìpàdánù ni fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí àwọn kan nínú àwọn tí ń wa ọkọ̀ bá bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, àǹfààní rẹ̀ yóò hàn, nítorí ibi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró sí lè gba kẹ̀kẹ́ bíi mẹ́wàá.

Oríta ni ibi tí ó léwu jù. Oníkẹ̀kẹ́ lè máa lọ ní àlàáfíà lẹ́yìn òkúta ìpààlà, kí ọkọ̀ tí ó fẹ́ yà sí ọ̀tún sì gé e lójú lójijì, nítorí pé awakọ̀ kò retí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nítorí náà, àwọn ìlú tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí máa ń gbé ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ga díẹ̀ ní oríta kí ọkọ̀ lè rọra, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ dúró ṣíwájú ọkọ̀ níbi iná tí ń darí ìrìn, kí awakọ̀ lè rí i. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí ó dára títí dé oríta, tí ó sì pòórá níbẹ̀, ó dà bí afárá tí kò dé òdìkejì odò.

Ouagadougou àti Kútọnu: nígbà tí alùpùpù bá wọ̀ ọ́

Ilẹ̀ Europe ni a ti ń bọ̀. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa, Ouagadougou ni ìlú tí a kọ́kọ́ ń dárúkọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa kẹ̀kẹ́. Ní olú-ìlú Burkina Faso yìí, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, ni wọ́n ti ń gun ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì láti ọjọ́ pípẹ́. Orílẹ̀-èdè náà fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá kan, Tour du Faso, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1987. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn títì ńlá kan ní Ouagadougou, wọ́n kọ́ ọ̀nà tí a dá sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọkọ̀, kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè máa gbà á.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ pọ̀, ọ̀nà náà tu oníkẹ̀kẹ́ lára. Ṣùgbọ́n alùpùpù olówó pọ́ọ́kú dé láti ilẹ̀ Éṣíà, ó sì kún gbogbo ìgboro. Ọ̀nà kan náà ni kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ń lò báyìí. Ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti gba ẹni tí ń rọra lọ lọ́wọ́ ẹni tí ń sáré ti di ibi tí àwọn méjèèjì tún ti pàdé. Kẹ̀kẹ́ a máa lọ ní 15, alùpùpù a máa lọ ní 50, nínú ààyè tí ó kéré ju títì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí a kọ́ fún aláìlágbára ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ alágbára díẹ̀díẹ̀.

Kútọnu ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà. Ará Pénéssoulou tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò rí i pé àwọn títì ńlá kan ní ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì ní Kútọnu, alùpùpù ni: zemidjan aláṣọ òféfèé, òṣìṣẹ́ tí ń lọ síbi iṣẹ́, ìyá tí ó gbé ọmọ sẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Yíya alùpùpù kúrò láàárín ọkọ̀ ńlá dára, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́. Òun náà nílò ibi tí kò ti ní máa gbọ́ fèrè lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ohun tí àwọn ìlú méjèèjì yìí kọ́ wa ni pé kíkọ́ ọ̀nà nìkan kò tó. Ẹni tí a kọ́ ọ fún gbọ́dọ̀ lè lò ó. Bí ọkọ̀ bá dúró sórí rẹ̀, bí ọjà bá tẹ́ sórí rẹ̀, bí iyanrìn bá bò ó, oníkẹ̀kẹ́ yóò padà sí àárín ọkọ̀, bí ẹni pé wọn kò kọ́ nǹkan kan.

Ohun tí ó lè ṣeé ṣe ní Pénéssoulou

Pénéssoulou kì í ṣe Ouagadougou, kò sì ní títì ìgboro bíi ti Seville. Síbẹ̀, ewu tí ó wà níbẹ̀ kò kéré, nítorí ọkọ̀ tí ń gba ìlú kékeré kọjá máa ń sáré ju èyí tí ó há sínú ìgboro Kútọnu lọ.

Èrè tí ó wà nínú kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ náà kò kéré. Ẹ wo ọmọ kan tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ilé-ìwé ní kìlómítà mẹ́fà. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn, yóò lo ju wákàtí kan lọ ní àlọ, yóò tún lo ju wákàtí kan lọ ní àbọ̀. Bí ó bá gun kẹ̀kẹ́, kò ní lo ìdajì wákàtí. Ó lé ní wákàtí kan àbọ̀ tí kẹ̀kẹ́ fi pamọ́ fún un lójoojúmọ́. Àkókò yẹn tó fún iṣẹ́ ilé, fún ìwé kíkà, fún oorun. Fún ọmọbìnrin tí ó gbọ́dọ̀ pọn omi kí ó tó lọ sí ilé-ìwé, àkókò yẹn lè jẹ́ ohun tí yóò mú kí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tàbí kí ó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òbí tí ó mọ bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń sáré lórí títì yẹn yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Kò sì jẹ̀bi.

Títì ìjọba orílẹ̀-èdè ni títì náà. Kò sí ìlú tí ó lè dá gé e tàbí kí ó dá fẹ̀ ẹ́ lójú. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí àwọn ará ìlú lè bá ilé ìjọba ìbílẹ̀ wọn ní Bassila sọ, kí òun náà sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí títì wà ní ìkáwọ́ wọn.

Èkíní ni ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ títì. Ní ọ̀pọ̀ ìlú tí títì ńlá gbà kọjá, ẹsẹ̀ ènìyàn ti la ipa kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà. Bí a bá tẹ́ ipa náà pẹrẹsẹ, tí a da yangí sí i, tí a sì kì í mọ́lẹ̀ kí ó le, ó di ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Bí a bá gbin igi tàbí to òkúta ńlá sí àárín òun àti títì, ọkọ̀ kò ní lè yà wọ̀ ọ́. Ibi tí omi òjò ń gbà nílò afárá kékeré, kí oníkẹ̀kẹ́ má baà padà sórí ọ̀dà níbẹ̀.

Èkejì ni eré ọkọ̀. Òkìtì tí a mọ sójú títì ṣíwájú ilé-ìwé àti ọjà, pẹ̀lú àmì tí awakọ̀ yóò rí láti òkèèrè, ń fi agbára dín eré kù. Àmì nìkan ń bẹ̀bẹ̀, òkìtì ń pàṣẹ.

Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú. Koríko ń hù, iyanrìn ń ṣàn, àwọn ènìyàn sì ń to igi ìdáná àti àpò èédú sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí kò ní olùtọ́jú kì í pẹ́ kí ó tó di igbó tàbí ọjà. Ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn olórí àdúgbò lè pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn.

Títí di ìgbà tí nǹkan wọ̀nyí yóò fi wà, oníkẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó máa gba apá ọ̀tún. Kí ó ní iná níwájú, kí ó sì ní ohun pupa tí ń tàn lẹ́yìn, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kí bíréèkì rẹ̀ máa mú dáadáa. Bí ènìyàn méjì bá jọ ń lọ, kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí wọ́n má ṣe jẹ́ ẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Kí ẹni tí ó di igi ìdáná sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ má jẹ́ kí ó yọ síta ju ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ, nítorí igi tí ó yọ síta ni ọkọ̀ kọ́kọ́ máa ń gbá.

Ní ọdún 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ náà, àwọn ìlú ńlá a máa yin kẹ̀kẹ́ pé kì í mu epo, kì í tú èéfín, ó sì ń fún ara ní ìlera. Gbogbo ìyìn yẹn tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ìwé ní etí títì kò nílò ìyìn tó bí ó ṣe nílò ààyè. Mítà méjì péré ni ààyè náà. Nínú mítà méjì yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù lè máa sá eré rẹ̀ lọ sí Djougou, kí ọmọ náà sì máa rọra wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, láìfara kanra.